Àwọn Àna Oyin

Ní agboolé wa, oyin ti lọ́kọ ju obìnrin èyíkéyìí lọ. A ti fi í fún àkùkọ, a ti fi í fún òbúkọ, a ti fi í fún ìgbín. Ọjọ́ kan wà tí Ìye ní kí a fi í fún agbowó-orí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹranko nìkan ni òun ń bá dá àna, pé ti agbowó-orí, kí a lọ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ọkọ rẹ̀ kì í ta òun.

Ìye ni à ń pe ìyá nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Èmi obìnrin àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yìí nìkan ló ṣẹ́kù fún un nínú àwọn ọmọ tó bí, bàbá wa sì ti kú kí n tó di tísà. Abúlé wa wà láàárín Ìlútítun àti Òṣóòrò, níbi tí ojú kì í ti í rí ju ọ̀pẹ lọ. Epo là ń ṣe. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, gbogbo wa á jókòó sẹ́yìnkùlé láti ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì. Ẹ̀gún rẹ̀ á máa gún wa lọ́wọ́, ẹnu nìkan ni kì í dùn wá. Ibẹ̀ ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á dárúkọ ẹranko, ẹ̀gbọ́n mi á sọ irú ọmọ tí oyin máa bí fún un. Kò gbọdọ̀ ronú. Bó bá ronú pẹ́nrẹ́n, a ó hó lé e lórí.

"Oyin fẹ́ àkùkọ," Ìye á wí.

"Ọmọ wọn á máa jí yín láàárọ̀, Ìye. Bó bá kọ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ kò dìde, yóò ta yín nídìí."

"Òbúkọ ńkọ́?"

"Ìyẹn á jẹ iṣu yín tán. Bí ẹ bá ní kí ẹ lé e, òun ni yóò lé yín wọlé."

"Ìgbín?" Èmi nìyẹn.

"Háà, àbúrò, ìyẹn burú. Kí ó tó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ láti ta ọ́, o ti gbàgbé ohun tí o fi ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tó kọjá ni yóò máa gbẹ̀san rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Òde-Ìrèlè, á fi ẹ̀rín bo ẹnu kí òun náà tó béèrè tirẹ̀. "Ẹja àrọ̀ ńkọ́?"

"Àrọ̀ kẹ̀? Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Àrọ̀ gan-an ni ọmọ wọn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ lásán mú un nínú omi rí mọ ìyá tó bí i."

"Ó dáa," ni Ìye á wí. "Oyin fẹ́ tísà."

Èmi á ta kò ó: "Ṣebí ẹ ní ẹranko nìkan?"

"Mo mọ ohun tí mo ń ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi á wí, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò mọ sórí ẹranko. Ó ní oyin ló bí òyìnbó, pé kí a wo àwọn méjèèjì dáadáa: ó pupa, ó ń kùn nímú, ilé onílé ló ń kọ́lé sí, bí o bá sì fọwọ́ kan oyin rẹ̀, ogun dé. Ó ní oyin àti oyún, ìbátan ni wọ́n, pé méjèèjì dùn nígbà tí à ń wá wọn, ìgbà tó bá fẹ́ jáde ni ojú ń là. Ìyàwó á sọ ẹyìn lù ú. Ìye á ké: "Ẹ fi ẹyìn mi sílẹ̀ o! Epo ni!"

Bí kò bá sọ̀rọ̀, ó ń kùn. Kì í ṣe orin, kò ní ọ̀rọ̀, kò sì ní ìparí. Ohùn kan ṣoṣo ni, láti inú imú, tí í gòkè díẹ̀, tí í sì tún rọra padà wálẹ̀. Òun la fi ń mọ ibi tó wà nínú oko. Ìye á dúró létí igbó, á fetí sílẹ̀, á ní, "Ó wà lápá ibí," a ó sì bá a níbẹ̀.

Mo ti sọ èyí tó dùn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Yàtọ̀ sí oko, ẹ̀gbọ́n mi a máa kó epo àwọn ará abúlé lọ tà lójú omi, lọ́dọ̀ àwọn Ìjọ̀. Ó mọ odò bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí ogun abẹ́lé fi ń jà, ó múra bó ti máa ń múra. Ó ti àpótí aṣọ rẹ̀, ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn, ìyàwó rẹ̀ di púpurú àti ẹja gbígbẹ fún un, ó sì lọ. A retí rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó dé. A retí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn apẹja Ìjọ̀ kan ló wá bá wa nílé. Wọ́n dúró lágbàlá, fìlà wọn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn rí ọkọ̀ rẹ̀, ó ti dojú dé.

"Òun ńkọ́?" Ìye béèrè.

"A kò rí i, Màmá."

"Kí lẹ wá rí?"

"Epo, Màmá. Epo bo ojú omi."

"Epo," ni Ìye wí. "Ṣé epo ni mo bí?"

Ó bu omi fún wọn mu. Ó kí wọn pé ẹ ṣe é, ẹ kú ìrìn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó má tú irun, kí ẹnikẹ́ni má wọ dúdú, kí ahọ́n ẹnikẹ́ni má sì yọ̀ pe ọmọ òun ní olóògbé. Ẹni tó bá lọ sójú omi, ojú omi náà ni í gbà padà wálé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, oyin wá.

Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó wọ́ wá bí èéfín láti ọ̀nà odò, ó dúdú, ó ń yí. Ó rọ̀gbà yí òrùlé wa ká. Ilé mìíràn pọ̀ lábúlé, igi tó ní ihò nínú kò sì lóǹkà, ṣùgbọ́n ihò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀gbọ́n mi ló gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ pátá, títí tí a kò fi rí ọ̀kan mọ́. Àwọn ọkùnrin sá lọ gbé ògùṣọ̀. Ẹ mọ ògùṣọ̀ lọ́dọ̀ wa, háhá ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀ ni, èéfín rẹ̀ lè lé ẹbora kúrò nílé. Ìye na apá rẹ̀ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Àlejò mi ni. Ẹ kì í lé àlejò."

Láti ọjọ́ náà ni yàrá ti ń kùn.

Láàárọ̀, bí ariwo bá wà nílé, ẹ kò ní mọ̀. Ọ̀sán ni, bí gbogbo èèyàn bá ti lọ sóko, tí àwọn adìyẹ pàápàá ti lọ sábẹ́ ìbòòji. Ìgbà yẹn ni ẹ óò gbọ́ ọ láti inú ògiri, á gòkè díẹ̀, á sì tún rọra padà wálẹ̀. Ìyàwó, tí ẹní rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri náà, kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Ìye. Èmi tí mò ń fi ẹfun ya oyin sójú pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé, orí rẹ̀ rèé, àyà rẹ̀ rèé, ikùn rẹ̀ rèé, n kì í gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá àfi bí mo bá ń kọrin. Orin ìjọ ni o. Ní ohùn òkè.

Ní ọ̀sán kan, mo tètè ti iléèwé dé. Mo bá Ìye tó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń ṣa ẹyìn.

"Oyin fẹ́ etu," ni mo gbọ́ tó sọ.

Ó dákẹ́. Inú ilé dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Láti inú yàrá, ohùn náà gòkè díẹ̀, ó padà wálẹ̀.

Ìye bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan. "O ò tíì gbọ́n síbẹ̀!" ni ó wí. "Ó dáa, oyin fẹ́ ẹkùn ńkọ́?"

Mo fà sẹ́yìn, mo kọlu nǹkan. Ìyàwó ni. Ó gbé abọ́ dání, kò mọ̀ pé omi inú rẹ̀ ń dà sí òun lẹ́sẹ̀. Ó sún ẹnu mọ́ mi létí.

"Tísà ọkọ mi, kí ló dáhùn?"

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé èmi náà ti ń fetí sílẹ̀ láti gbọ́ ìdáhùn.

Ogun parí. Àwọn tó lọ sógun tí a ti sunkún wọn tán ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ìyá wọn ń dákú sójú ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè, Ìye á ti wà lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀ kalẹ̀ nínú èyíkéyìí.

Àwọn ará ilé ìyàwó wá dé láti Òde-Ìrèlè. Bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí, wọ́n kọ̀, wọn kò mu omi. Èmi àti ìyàwó wà nílé ìdáná, a ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin àna wa," ni bàbá rẹ̀ wí, "ẹ sọ ohun tí ọmọ wa jẹ́ fún wa. Bí abilékọ ni, ẹ mú ọkọ rẹ̀ jáde ká rí i. Bí opó ni, ibojì dà?"

Olórí ẹbí wú ikọ́. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Sùúrù kì í bímọ, àna. Ọmọ wa ń dàgbà."

Nílé ìdáná, ìyàwó ń koná, kò gbójú sókè. "Tísà ọkọ mi," ni ó wí jẹ́jẹ́, "oyin àti kí ni wọ́n para pọ̀ bí mi? N kò ṣe ìyàwó, n kò ṣe opó."

Ẹni tó yẹ kó dá a lóhùn ni kò sí nílé.

Ní ìdílé wa, ẹni tí omi bá gbé tí a kò rí, ohun ìní rẹ̀ tó sún mọ́ ara rẹ̀ jù la fi ń sin ín. A ó dì í bí a ti ń di òkú, a ó gbé e lórí, a ó sì sunkún rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ tó lè lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹni náà bá wà láàyè, òun ni yóò fọwọ́ sí i. Bí ìyá bá ní ọmọ òun kò kú, kò sí olórí ẹbí tó lè ta ọkọ́ mọ́ ilẹ̀. Ìye sì ti kọ̀. Ìgbà gbogbo tí olórí ẹbí bá wá bẹ̀ ẹ́ ló ń kọ̀.

N kò mọ ohun tó yí i lọ́kàn padà. Mo kàn mọ̀ pé ní òwúrọ̀ kan, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń wo ìyàwó tó ń gbálẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ọmọbìnrin náà gbálẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ó dúró, ó fi etí lélẹ̀kùn díẹ̀, ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Ìye tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. Ó mú un lọ fún olórí ẹbí.

"Bàbá, ẹ gbé e lọ sin," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rí àmì kan ṣoṣo lọ́nà pé ó wà láàyè, ẹ ó gbé e padà."

"A ó gbé e padà," ni bàbá náà ṣèlérí níwájú gbogbo wa.

Ní òwúrọ̀ ìsìnkú, wọ́n fi èéfín ògùṣọ̀ fín yàrá náà. Afárá já lulẹ̀ láti orí igi àjà, oyin dà jáde, ó kó wọ igbó lọ. Òkú oyin bo ilẹ̀ bí ìyàngbò. Lẹ́yìn náà yàrá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún sì burú fún mi ju ohùn lọ. Ìye dúró níta, ó yí orí rẹ̀ sápá kan bí ẹni tó ń wá ẹnìkan nínú oko.

Àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbi tó fi í sí, ẹ̀yìn rẹ̀ faramọ́ ògiri, àgádágodo lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bá a lọ. Ẹnìkan ní kí a já a, kí a kó aṣọ inú rẹ̀ jáde. Olórí ẹbí ní èèwọ̀ ni, àpótí tí olówó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tì, bí a bá já a nígbà tí kò sí nílé, olè la jà. Ó ní kí wọ́n di àpótí náà lódindi. Wọ́n ká ẹní yí i, wọ́n fi aṣọ funfun wé e lé e lórí, wọ́n rán an pinpin. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn àti èéfín yẹn, níbi tí eku ti jẹ igun rẹ̀ kan lu.

"Irú aṣọ wo ló wúwo báyìí?" ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e wí.

"O ò mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ni?"

"Ó fẹ́ràn ọ̀ṣọ́. Èmi fẹ́ràn ọrùn mi."

Oòrùn ti mú kí a tó dé itẹ́ òkú ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Orin ni a kọ lọ lójú ọ̀nà, a kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, nítorí pé ẹkún kò tíì wá. Wọ́n sọ àpótí kalẹ̀ létí kòtò. Olùkọ́ ìjọ gbé ọwọ́ sókè, orin dá.

"Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà."

A di ojú. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣì ń kùn.

"Ta ni kò tíì dákẹ́ níbẹ̀ yẹn?" ni olórí ẹbí wí pẹ̀lú ìbínú, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ta ló ṣì ń kọrin?"

Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń la ojú, a ń wo ẹnu ara wa, gbogbo ẹnu wà ní pípadé. Lẹ́yìn náà a wo aṣọ funfun náà. Ohùn náà gòkè díẹ̀. Ó rọra padà wálẹ̀.

Ẹni tó bá sọ fún yín lónìí pé òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Gbogbo wa la sá. Bàtà mi ẹsẹ̀ kan, títí di òní n kò rí i. Olùkọ́ ìjọ ló pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ tó wà ní dídì, ṣùgbọ́n nígbà tó la ojú tó rí i pé òun àti àpótí ló kù, ojú ọ̀nà la ti gbọ́ "àmín" rẹ̀. Ìyàwó kò sá. Ó jókòó sórí erùpẹ̀ kòtò.

Ìye kúnlẹ̀ ti àpótí. Ó fi etí lé e.

Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn igi ọ̀pẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ tí ó ti le láti ọjọ́ tí àwọn apẹja wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó ń tú bí ọ̀rá tí a gbé sóòrùn. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí yóò ta kò ó bó bá sọ̀rọ̀. Àwa fúnra wa la ń dúró de ọ̀rọ̀ náà.

Olórí ẹbí yọ orí láti ibi tó sá sí. "Ìyàwó àbúrò mi! Ṣé òun ni? Bó bá jẹ́ òun ni, wí i, ká gbé ọmọ wa padà sílé!"

Ìye gbé orí kúrò lára aṣọ. Ó wo ìyàwó níbi tó jókòó sí, erùpẹ̀ lórí ìró rẹ̀, ọmọdébìnrin tí ewú ti ń yọ sí lórí nílé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Oyin ni," ni Ìye wí. "Oyin wọ inú àpótí. Ẹ wá sin ín."

A jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí ẹbí kò sún mọ́ tòsí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Èmi ni mo bí i, Bàbá. Mo ní oyin ni."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó ń da erùpẹ̀ bò ó ń yára, erùpẹ̀ ń dún lórí rẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń tínrín sí i. Mi ò lè sọ ìgbà tó dákẹ́. Nígbà tí a sọ ọ́ nílé lẹ́yìn náà, a rí i pé ibi tí olúkúlùkù wa ti gbọ́ ọ kẹ́yìn yàtọ̀ síra.

Àwa obìnrin mẹ́ta jọ ń bọ̀ wálé. Ìyàwó wà láàárín. Ó ti sunkún tán, ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn nínú omi.

"Ìye," ni ó wí, "ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Oyin lo gbọ́."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Mo rí ojú yín."

Ìye ń rìn lọ. Nígbà tí a fẹ́ẹ́ dé ilé àkọ́kọ́, ó dúró, ó di ìyàwó léjìká mú, ó sì gbọn erùpẹ̀ ibojì kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Bí mo bá ní òun ni," ni ó wí, "ta ni yóò jẹ́ kí o lọ?"